Ọ̀pá Tí Bàbá Káfíńtà Fi Ń Wọn Alààyè

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Bàbá àgbà mi kú, Rótìmí tó kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́ rẹ̀ wá wọn òkú fún pósí. Ìbànújẹ́ ti jẹ́ kó gbàgbé téèpù rẹ̀ sílé. Ó wò yíká yàrá, ó rí ọ̀pá gígùn kan tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, ó sì nawọ́ sí i. Màmá Ọ̀tùn, ìyàwó Bàbá, ti jókòó ti òkú láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó nawọ́ dá a dúró.

"Rótìmí, má fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn. Ti alààyè ni."

Rótìmí dọ̀bálẹ̀, ó ní kí Màmá má bínú. Ó lọ tú okùn tí a fi ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, òun ló fi wọn ọ̀gá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń sunkún, inú sì ń bí mi. Kì í ṣe Rótìmí ló ń bí mi nínú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé Bàbá fojú sọ́nà títí ó fi kú. Oògùn tó ń dúró dè kò dé títí ó fi lọ, bí mo sì ṣe ń kọ èyí, kò tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ nǹkan kan kí ẹ tó sọ pé wọn ò kọ́ mi nílé. "Ó" ni n ó máa pe Bàbá nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní pè é ní "wọ́n". Èkìtì ni wá. "Ìwọ" ni à ń pe bàbá wa nílé, kò sì sí àrífín níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ ṣe tíṣà ní Ìbàdàn tí mo sì kó "ẹ̀yin" bọ̀ wálé, mo kí Bàbá pé ṣé ẹ̀yin náà sùn dáadáa. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, bí ẹni tó ń wá ẹni kejì.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "ẹni mélòó lo rí níbí?"

Ní abúlé wa, lẹ́yìn Ìkọ̀lé, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Bàbá Káfíńtà, pósí ló máa kọ́kọ́ sọ sí àwọn èèyàn lọ́kàn. Bàbá ń kan ilẹ̀kùn, ó ń kan àga ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kan òrùlé, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn kọ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí ọmọdé bá ń sunkún tí kò dákẹ́, ìyá rẹ̀ á ní òun máa pe Bàbá Káfíńtà kó wá wọ̀n ọ́n. Ọmọ á gbé ẹkún mì. Nílẹ̀ wa, a kì í fi igi wọn ẹni tó ń mí. Òkú là ń wọ̀n, ẹni tó bá sì wọn alààyè, ikú ló ń júwe ilé fún.

Bàbá mọ̀ bí wọ́n ṣe ń wo òun. Nítorí bẹ́ẹ̀, kì í wọ ilé aláìsàn. Bí àìsàn bá dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ dùbúlẹ̀, ojú títì ni yóò dúró sí, á gbóhùn sókè kí i láti ibẹ̀, á bi í bóyá ó ti jẹun, á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ìgbéraga ni. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan, ó sì dá mi lóhùn.

"Bí mo bá wọ ulé aláìsàn, ojú tí yóò fi wò mí á pa á kí ukú tó dé."

Ìyá tó bí Bàbá fọ́ lójú. Bàbá kì í sọ ọ́ lásọtán, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń rí i gbọ́. Oko wọn wà ní Aba Orí-Òkúta, níbi tí odò ti ń sáré gba orí àpáta kọjá, tí amùkúrù, eṣinṣin kékeré dúdú tó ń bu ni ṣán, kì í jẹ́ kéèyàn simi. Ara ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ń yún un. Ó ń fi ṣùkù àgbàdo họ ọ́ títí awọ ara rẹ̀ fi gbó. Lẹ́yìn náà, kókó yọ sí i níbàdí. Àwọn ará ilé ní ayé ló ń ṣe é. Lẹ́yìn èyí ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú àtùpà. Ìrọ̀lẹ́ bá dé, wọ́n á tan àtùpà, á ní kò mọ́lẹ̀. Bàbá, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, á lọ ra epo àtùpà mìíràn, á tún òwú rẹ̀ ṣe, á nu gíláàsì. Ìyá rẹ̀ á ní ẹni tó ta epo fún un ti rẹ́ ẹ jẹ. Ọmọ á tún pààrọ̀ epo. Ó pẹ́ gan-an kí ó tó yé àwọn méjèèjì pé kì í ṣe ti epo. Bàbá ní ìyá òun ló kọ́kọ́ mọ̀, ó pe òun mọ́ra, ó gba àtùpà lọ́wọ́ òun, ó fẹ́ ẹ pa.

"Má ra epo mọ́, ọmọ mi. Mo ti rí ibi tó ti bà jẹ́."

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ìyá yẹn ni oògùn àrùn tó fọ́ ọ lójú dé àgbègbè wa. Àwọn òyìnbó ló ń fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti òkè òkun, nítorí wọ́n ti pinnu pẹ̀lú ìjọba wa pé àwọn máa fọ àrùn náà mọ́ kúrò láyé. Wọ́n á gbé e dé Ìkọ̀lé, ṣùgbọ́n ọmọ abúlé ló gbọ́dọ̀ fi lé ọmọ abúlé lọ́wọ́. Gíga èèyàn ni wọ́n fi ń mọ iye hóró tó máa lò lọ́dọọdún, láti ẹyọ kan dé mẹ́rin. Ẹni tí kò bá tíì ga dé àmì àkọ́kọ́, kò tíì tó ẹni tó ń lò ó. Nọ́ọ̀sì tó wá láti Ìkọ̀lé ní kí abúlé yan ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúró, tó mọ ìwọ̀n lò. Àwọn àgbà fikùn lukùn. Wọ́n ní ta ló mọ ìwọ̀n lò ju Bàbá Káfíńtà lọ? Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ gbẹ́ ọ̀pá náà láti ara igi afárá, ó fi ọ̀dà sàmì sí i bí nọ́ọ̀sì ṣe júwe. Kò sẹ́ni tó ronú dé ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ọjọ́ tó gbé ọ̀pá dé Aba Orí-Òkúta, aba tú. Káfíńtà onípósí ló ń bọ̀ yìí, ó gbé igi ìwọ̀n léjìká, ó ní kí àwọn èèyàn wá dúró kí òun wọ̀n wọ́n. Àwọn ọkùnrin gba inú oko lọ. Ìyá Ṣadé, tó ń sá láfún lórí àpáta, fi láfún sílẹ̀ fún ewúrẹ́, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́rí. Ojú fèrèsé ló ti ń bá Bàbá sọ̀rọ̀.

"Mi ò tíì kú, ọmọ mi ò tíì kú. Lọ wọn àwọn tó ránṣẹ́ pè ọ́."

Bàbá ṣe bí ẹni ń rẹ́rìn-ín nígbàkigbà tó bá ń sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n Màmá Ọ̀tùn ní kò sí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbé àpò oògùn padà wálé bó ṣe gbé e lọ, kò jẹun. Ó ní gbogbo ohun tí òun ń rò ni pé oògùn tí ì bá gba ìyá òun là ti dé, òun gan-an ni wọ́n wá ń sá fún.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ló ṣe ohun tí abúlé wa kò lè gbàgbé. Lẹ́yìn ìsìn, kí àwọn èèyàn tó tú ká níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú ọ̀pá oparun tó fi ń wọn òkú jáde, èyí tó jogún lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó fi orúnkún dá a sí méjì. Ó ní kí Rótìmí bọ́ síwájú, ó ní láti òní lọ, Rótìmí ni kí wọ́n máa bá fún pósí. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó di òfin rẹ̀ títí ó fi kú.

"Ọwọ́ tó ń wọn òkú ò lè wọn alààyè, mo sì ti yan alààyè. Òkú là ń wọ̀n tí a kì í fún ní nǹkan kan. Alààyè tí mo bá wọ̀n, n ó fi nǹkan sí i lọ́wọ́ kó tó kúrò níwájú mi."

Inú ń bí Màmá Ọ̀tùn láti ṣọ́ọ̀ṣì délé. Pósí ló ń bọ́ wọn. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, ó ní, yóò dúró de ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ta sì ló ń kọ́lé lábúlé yìí? Ìjà yẹn kò parí láéláé. Nígbà tí mo dàgbà, bí ọbẹ̀ kò bá lẹ́ran, Màmá á gbé e kalẹ̀ níwájú Bàbá, á ní ó yá, kí alààyè wá jẹun. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, tí Bàbá gbé ọ̀pá ti ògiri ní gbangba, tí gbogbo èèyàn ń wò ó láti òkèèrè, Màmá ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó tú gèlè rẹ̀ kó má baà fi kún gíga rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ọ̀pá, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"O ti bà mí nínú jẹ́," ó ní, "ṣùgbọ́n wọ̀n mí."

Láti ara rẹ̀ ni gbogbo abúlé ti kọ́ ọ. Èèyàn á dúró, Bàbá á wo àmì, èèyàn á ṣí ọwọ́, hóró oògùn á bọ́ sí i. Ìyá Ṣadé ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó wá.

Mo máa ń bá a lọ nígbà ọlidé. Àwọn ọkùnrin kan á máa na gìgísẹ̀ sókè kí tiwọn lè di mẹ́rin. Bàbá á fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n lórí wálẹ̀, á ní oògùn kì í ṣe ẹran ọdún. Nígbà tí ara bá wú ẹlòmíràn lọ́jọ́ kejì, tó sì ń yún un nítorí àwọn kòkòrò tí amùkúrù gbìn sí i lára tí wọ́n ń kú nínú rẹ̀, onítọ̀hún á wá bú Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá á gbé àga fún un, á sì jókòó tì í títí ara rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ lo oògùn náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin tó fẹ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lójú agbo. Bàbá kò bi wọ́n rí. Òun tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe òun ní "ẹ̀yin", á tẹ̀ sétí obìnrin náà, á ní, "Ṣé ìwọ ni kí n pè ọ́, àbí ẹ̀yin?" Ẹni tó bá lóyún á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ẹ̀yin ni. Bàbá á kí wọn, á ní kí wọ́n máa lọ, wọ́n á padà wá nígbà tí wọ́n bá ti di méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí nọ́ọ̀sì sọ fún un tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Oògùn náà kì í pa ìyá kòkòrò. Ọmọ rẹ̀ ló ń pa, ìyá á sì wà nínú kókó fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa bí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbọdọ̀ fo ọdún kan. Bàbá á sọ ọ́ fún ẹni tó bá ní ara òun ti yá, òun ò lò ó mọ́.

"Ìyá kòkòrò ṣì wà lára rẹ, kò tíì rẹ̀ ẹ́. Ìwọ ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀."

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọdún kan dé, oògùn kò dé. Bàbá ní bóyá ọkọ̀ ló bà jẹ́. Ó kun ọ̀pá rẹ̀ lọ́dà tuntun, ó ń dúró. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìkọ̀lé, wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n á ránṣẹ́ sí i. Wọn kò ránṣẹ́. Ó tún lọ. Nígbà tó yá, ẹnì kan tó ṣàánú rẹ̀ ní ọ́fíìsì sọ òótọ́ fún un pé àwọn òyìnbó tó ń gbọ́ bùkátà ètò náà ti yọwọ́, pé oògùn lè wà níbì kan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbé e wá. Bàbá pè mí lórí fóònù ní Ìbàdàn. Ó rò pé ẹni tó ń gbé ìlú ńlá á mọ àwọn òyìnbó. Mo pe ibi tí mo lè pè, mo lọ sí ibi tí mo lè lọ. Àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ kò burú, ohùn wọn rọ̀, gbogbo wọn ló sì ń júwe ẹlòmíràn fún mi. Ọwọ́ òfo ni mo fi padà bá Bàbá sọ̀rọ̀. Ó tún bẹ̀ mí ní nǹkan kan sí i.

"Àbẹ̀kẹ́, bá mi bi wọ́n léèrè, ṣé a ṣẹ̀ wọ́n ni?"

Mi ò mọ ẹni tí n ó bi. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ mí lọ́kàn.

Àtìgbà náà ló ti yí ojú ọ̀pá sí ògiri, kí àwọn ọmọdé má baà máa fi wọn ara wọn ṣeré. Ó ní kò sí nǹkan tí òun máa fi sí wọn lọ́wọ́. Ọdún mìíràn tún gorí rẹ̀. Àwọn ará Aba Orí-Òkúta tún bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Nígbà tí mo wálé fún Kérésì, ojú mi ni Ìyá Ṣadé ṣe wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó mú tọ́ọ̀ṣì tuntun kan dání. Ó ní kí Bàbá, tó mọ nǹkan tún ṣe, bá òun wò ó. Ó ní ọjà Ìkọ̀lé lòun ti rà á, wọ́n rẹ́ òun jẹ, kò mọ́lẹ̀ rárá.

Bàbá gbà á, ó tàn án sára ògiri. Iná náà mọ́ kedere, mo rí gbogbo ihò ìṣó tó wà lára ògiri. Bàbá wò ó. Ó pa á, ó dá a padà fún Ìyá Ṣadé, ó ní bátìrì rẹ̀ ni kò dára, pé òun máa bá a wá òmíràn.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Bàbá bú sẹ́kún. Mi ò rí kó sunkún rí. Màmá Ọ̀tùn mú un lọ́wọ́, wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun ń lọ sí Ìkọ̀lé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́, ọyẹ́ sì ń mú. Mo bẹ̀ ẹ́, Màmá bẹ̀ ẹ́. Ó lọ, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìgbà tí mo padà sí Ìbàdàn, ó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì láti àárọ̀ títí wọn á fi tilẹ̀kùn. Níbẹ̀ ni òtútù ti kọ lù ú. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti dùbúlẹ̀. Àwọn èèyàn dúró lójú títì, wọ́n ń kí i láti ibẹ̀ bí òun náà ṣe máa ń ṣe, títí Màmá fi jáde sọ fún wọn pé kí wọ́n wọlé. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn tó yé mi kì í ṣe àdúrà, kì í sì í ṣe ìre. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Bí wọ́n bá gbé e dé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e padà."

A sin ín sínú pósí tí Rótìmí kàn. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ará Aba Orí-Òkúta wá bá wa kẹ́dùn. Ìyá Ṣadé wà lára wọn. Bọ́lá, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló mú un lọ́wọ́ wọlé, ó ń sọ fún un ibi tí àtẹ̀gùn wà. Mo mọ Bọ́lá. Nígbà tí oògùn dé kẹ́yìn, kò tíì ga dé àmì àkọ́kọ́, Bàbá sì ní kó lọ máa jẹ iyán, kó padà wá bó bá ti ga. Ọmọ náà wo iyàrá, ó rí ọ̀pá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí n tó sọ pé kó fi í sílẹ̀, ó ti yí ojú rẹ̀ padà, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó gbé orí dúró gangan.

"Mo ti ga," ó ní.

Ojú rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́, mi ò fẹ́ wo òkè orí rẹ̀. Òfin Bàbá wà lọ́kàn mi. Bí mo bá rí ibi tó dé, mo ti wọ̀n ọ́n nìyẹn, kò sì sí nǹkan kan nínú ilé yẹn tí mo lè fún un. Màmá Ọ̀tùn gbé ojú sílẹ̀. Ìyá Ṣadé, tó ti sá fún ọ̀pá yìí rí pẹ̀lú ọmọ lápá, sún mọ́ wa, ó ń fọwọ́ wá orí ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, mi ò rí i dáadáa. Ṣé ó ti dé ibẹ̀?"

Mo wò ó.

"Ó ti dé ibẹ̀," mo ní.

Bọ́lá ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.